Ta ló sọ pé ilẹ̀ ń gbé iná mì?

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ táwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà ni "ẹ́ẹ̀tì".

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú Industrial Estate, lọ́nà Odógunyàn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé àpótí irin tuntun kan, èyí tí wọ́n ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan. Wọ́n gbá ọ̀pá kọ́pà wọlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ti ṣe ẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, wáyà kan bó nínú àpótí náà, ó sì fara kan irin rẹ̀. Bíréékà ò já. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àpótí, iná gbé e. Bàtà rọ́bà tó wọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sáré pa iná ni Ọlọ́run fi yọ ọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Àbúrò, kò yé mi. Ọ̀pá wà níbẹ̀. Ṣebí ilẹ̀ ló yẹ kó gbé iná yẹn mì?"

Ẹ wo ibi tí èrò yìí ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "earth", àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní "ground". Ilẹ̀ ni méjèèjì. Orúkọ náà ló ń mú wa rò pé ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Iná kì í wọlẹ̀ lọ sùn. Ilé làbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná: tiransífọ́mà tó ti jáde wá ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ padà sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ilẹ̀ tó yí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àpótí ká ń dènà iná ní ìwọ̀n ohm 8, ti ọ̀pá ìdí tiransífọ́mà sì jẹ́ ohm 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Fóòtì 230 tí a bá pín sí ohm 10 yóò fún wa ní ámpù 23 péré. Bíréékà ámpù 100 kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Àpótí náà yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóòtì 184 lára, títí ẹnìkan yóò fi fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n bí wáyà kọ́pà tó nípọn bá so irin àpótí náà tààrà padà mọ́ ojúkò níútírà ní ìdí tiransífọ́mà, ìdènà ojú ọ̀nà náà lè máà ju ohm 0.1 lọ. Iná tí yóò sáré gbà á yóò tó ámpù 2,300. Bíréékà yóò já lójú ẹsẹ̀. Síso irin pọ̀ báyìí ni iṣẹ́ gan-an.

Ọ̀pá náà kò já sí asán: ó wúlò nígbà tí àrá bá sán, ó sì ń jẹ́ kí iná wa bá ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ dọ́gba. Níbi tó bá sì jẹ́ ọ̀pá nìkan ló wà, ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó ń já bí iná bá ṣáko tó 30 mA ni kí wọ́n fi sí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ló ní tiransífọ́mà kékeré tirẹ̀ nínú àpótí, bí èyí tó ń sọ fóòtì 415 di 110. Tí wáyà ìhà kejì rẹ̀ kò bá kan ti àkọ́kọ́, ilé tuntun nìyẹn. Iná tó jáde níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń padà sí. Nítorí náà, a ní láti so ẹsẹ̀ kan lára ìhà kejì náà mọ́ irin àpótí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná tó ṣáko kò ní rí ọ̀nà ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ ó ti de wáyà, nítorí ọ̀dà ń dènà iná. Ẹ má fọkàn tán ìdè ilẹ̀kùn, ẹ so wáyà mọ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ojúkò kan ṣoṣo ni kí níútírà àti ẹ́ẹ̀tì ti pàdé fún tiransífọ́mà kan. Bí wọ́n bá tún pàdé níbòmíràn, irin àpótí á máa gbé iná lójoojúmọ́.

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo dábàá pé ká máa pe wáyà yìí ní "wáyà àbò". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì yóò rí i pé fáwẹ̀lì kan péré ló ya àbò àti àbọ̀ sọ́tọ̀. Ó bọ́ sí i: àbọ̀ tí iná ń bọ̀ wálé ni àbò wa. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gbọ́ orúkọ yẹn, yóò béèrè pé, "Ibo ló ti ń bọ̀, ibo ló ń padà sí?" Ìbéèrè yẹn kò sí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà.