Ìtàn adẹ́rùbani: ẹ má dá a kà, ẹ pe ara yín jọ

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ti dàgbà pé kí ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á nígbà tó wà ní kékeré. Ó ṣeé ṣe kó má dárúkọ ejò tàbí olè. Ìtàn tí ìyá àgbà pa lálẹ́ ni yóò mẹ́nu bà, èyí tí kò jẹ́ kó lè dá jáde lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ wá bi í bóyá ó tún fẹ́ gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìfẹ́ tí ènìyàn ń ní sí ohun tó ń dẹ́rù bà á yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọ̀pọ̀ rò pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti bá àlọ́ lọ, tàbí pé inú fíìmù Nàìjíríà tí a ń wò lórí fóònù nìkan ló kù sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti wà nínú ìwé, ní èdè tiwa gan-an. Ní ìlú tí àwọn ọmọ ti ń fi èdè Faransé kọ́ ìwé nílé ẹ̀kọ́, a rí i pé kò sí ọ̀nà tó rọrùn tó ìwé adẹ́rùbani láti mú ọmọdé àti àgbà jókòó ti Yorùbá kíkà. Ohun kan ṣoṣo ló gbà: kí a má dá a kà.

Ọdẹ àti olójú mẹ́rìndínlógún

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni baba ọ̀rọ̀ yìí. Òkè-Igbó, ní ilẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n bí i sí ní 1903, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń ṣe. Ní 1938 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, jáde. *Igbó Olódùmarè* tẹ̀ lé e ní 1949. Kó tó di pé ó kú ní 1963, ó ti kọ ìtàn márùn-ún irú èyí tí iwin, ànjọ̀nnú àti ènìyàn ti ń jọ gbé inú igbó kan náà.

Ẹni tí kò bá tíì ka *Ògbójú Ọdẹ* lè rò pé inú igbó ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àkàrà-ògùn, tó jẹ́ ọdẹ, yìnbọn lu ẹranko kan. Ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un padà sí ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, ìdajì jẹ́ ẹranko. Ẹ̀yìn èyí ni ọmọ wọn tó wọ igbó, tó lọ pàdé Agbákò, abàmì ẹ̀dá tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Agbákò ba ni lẹ́rù lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù tirẹ̀ kò tó ti ipa ẹ̀jẹ̀ tó wọ yàrá ìyàwó ẹni lọ. Fágúnwà mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ mú wa gba inú ilé kọjá.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé náà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò kọjá. Àkàrà-ògùn kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀. Ó di arúgbó tán kó tó wá bá akọ̀wé kan, tó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun ń sọ sílẹ̀. Ẹni kan ló gbọ́ ọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìròyìn ti tàn, àwọn ènìyàn sì ti pé jọ láti wá gbọ́ ìyókù. Nínú ìwé fúnra rẹ̀, ìtàn adẹ́rùbani ń kó èrò jọ ni. Ẹni tó bá kà á nídàákẹ́ lórí ibùsùn ti pàdánù apá kan nínú rẹ̀.

Ọkùnrin arẹwà tó wá sọ́jà

Ẹ̀yin oníṣòwò ló ni èyí tó kàn. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó nígbà tó kọ ìwé *The Palm-Wine Drinkard*. Ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni egungun rẹ̀. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà rí: omidan kan kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un. Lọ́jọ́ kan ó rí ọkùnrin kan lọ́jà, arẹwà tí kò lábùkù kankan. Ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara rẹ̀ padà fún àwọn tó yá a, ó ń san owó ìyálò wọn bó ti ń lọ. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá ikùn padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí lásán.

Nígbà tí a ka ìtàn yìí sókè fún àwọn ìyá mélòó kan tí wọ́n ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́ nírọ̀lẹ́, a kò tíì kà á dé ìdajì tí ọ̀kan nínú wọn fi gbà á lẹ́nu wa. Ó mọ ibi tó ń lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun kò bá tinú ìwé dọ́gba, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀yà ara tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dá padà. Ẹnì kan ní ìtàn náà kì í ṣe ti ọkọ wíwá nìkan, ó kan ẹni tó ń fi ọjà àwìn àti aṣọ àyálò ṣe ọlọ́rọ̀ kiri. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí a parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe di ọ̀rọ̀ ìdílé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ kò ní àwáwí. Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ará Faransé, ti tú ìwé yìí sí èdè rẹ̀ láti 1953, *L'Ivrogne dans la brousse* ni ó pè é.

Ní 1954 ni Tutùọlá gbé ìwé rẹ̀ kejì jáde. Ọmọ ọdún méje kan sá fún ogun àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, ó sì ṣèèṣì wọ igbó àwọn iwin. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló lò níbẹ̀ kó tó rí ọ̀nà ilé. Kò yẹ kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ka èyí bí ìtàn ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Dàhòmì dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa sì fi àwọn òkè àpáta tó yí ìlú ká ṣe ibi ìsádi. Kétu fọ́ ní 1886. Ọmọ tó ń sá wọ igbó láìmọ̀ ibi tó ń lọ ti wà lóòótọ́ kó tó wọ inú ìwé. Bí ìtàn iwin ṣe rí nìyẹn nígbà mìíràn: ohun tó nira láti sọ ní gbangba ni a fi iwin sọ.

Àwọn ará ilé wa náà kọ ọ́

Orílẹ̀-èdè Benin kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Olympe Bhêly-Quénum, tí wọ́n bí ní Ouidah ní 1928, kọ *Le Chant du lac* ní 1965. Àwọn òrìṣà inú ọ̀sà kan ló ń kó ìpayà bá àwọn ará abúlé níbẹ̀, títí ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi kojú wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Jean Pliya ní tirẹ̀ kọ *L'Arbre fétiche*, tó jáde ní 1971. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, tó gbà láti gé ìrókò tí àwọn ènìyàn ń bọ. Igi náà wó, orí rẹ̀ ló sì wó lé. Èdè Faransé ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́, àmọ́ ta ni yóò ṣe ògbufọ̀ ìrókò fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú èyí wà fún. Ní ọdún 1816, òjò há àwọn ọ̀rẹ́ kan mọ́ inú ilé létí adágún Jẹ̀nífà ní ilẹ̀ Switzerland. Wọ́n ń ka ìtàn òkú àti iwin sókè fún ara wọn lálẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, akéwì Byron, wá ní kí oníkálukú kọ tirẹ̀. Mary Shelley wà láàárín wọn, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ohun tó mú jáde níbẹ̀ ni *Frankenstein*, tí wọ́n tẹ̀ ní 1818, tí gbogbo ayé ṣì ń kà títí dòní. Kíkà pọ̀ ló bí i.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni àkọtọ́. Àwọn ìwé Fágúnwà tí à ń rí rà jẹ́ ti àkọtọ́ Nàìjíríà, irú èyí tí ẹ ń kà yìí, tó ń fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ń kọ ɛ, ɔ àti sh, ó sì ń fi kp kọ ohùn tí Nàìjíríà ń fi p kọ. Ọdẹ di ɔdɛ, pa di kpa. Ẹni tó kọ́ ọ̀kan lè dúró wò nígbà tó bá rí èkejì. Bí a bá kà á sókè, ìṣòro náà yóò fúyẹ́, nítorí etí kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kà tó láti ṣí ìwé náà fún ogún ènìyàn.

Èkejì ni pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má fa ọmọ sí ìdí ohun burúkú. Kí wọ́n rántí pé Kìrìsìtẹ́nì ni Fágúnwà, olùkọ́ ọmọdé sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ ìwà pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ń ráhùn pé ó ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, kí òbí jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ẹ̀rù tí ọmọ dá bà lábẹ́ aṣọ ìbora lè ba oorun rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ yóò di ẹ̀rín kó tó di àárọ̀.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó fún àdúgbò kan. Ẹ yan alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ọjà. Ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn tó sì mọ ibi tí a ti ń dánu dúró, má ka ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì dá a dúró níbi tó bá ti ń gbóná, kí àwọn ènìyàn lè padà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ èyí tí wọ́n gbọ́ ní kékeré. Bí ọmọ kan bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé Àkàrà-ògùn ti ṣe, inú wa yóò dùn púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ ni kò tíì wọ inú ìwé, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì ń dàgbà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, pàápàá nígbà tí àyà bá ń já. Ẹni tó bá ní ìwé, kó mú un wá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kó mú etí wá.