Bí Wọ́n Bá Gbẹ́sẹ̀ Lé Ọjà Yín Nítorí Owó-Orí

  

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá ló jẹ́ ká kọ èyí. Àwọn agbowó kan bá ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta tòmátì ní ìsọ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ kò pé. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà sínú ọkọ̀. A tẹ̀ lé e lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ká lọ ká bọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó dá a padà, omi ló ń ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Owó àjọ tó kó ló fi ra ọjà yẹn. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ó bi wá pé: "Ìwé wo ni wọ́n fún yín? Ta ló kó o?" A ò mọ ọ̀kankan. Ìdí nìyí tá a fi lọ béèrè, ohun tá a gbọ́ la fẹ́ là yé yín.

Ká sọ òótọ́, òfin fún ìjọba lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹni tó bá jẹ gbèsè owó-orí. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 44, ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá gba ohun ìní ẹlòmíì àfi bí òfin bá ṣe là á sílẹ̀. Agbowó tó bá fo àtẹ̀gùn, a lè bá a dé kóòtù.

Owó-orí lórí èrè ọdọọdún lẹ kọ́kọ́ gbọ́. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, wọ́n á kọ iye tó kàn yín sínú ìwé, wọ́n á fi lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá gbà, 30 ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé pé ẹ ò gbà. Bí wọn ò bá gba tiyín rò, ẹ ní 30 ọjọ́ mìíràn láti gbé ẹjọ́ lọ sí Tax Appeal Tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ọjọ́ kọjá, ó ti di gbèsè nìyẹn, ìgbà yẹn ni wọ́n lè wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Ẹ tún mọ̀ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń bu owó-orí lé lọ́dún, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Èrè là ń wí o, kì í ṣe gbogbo owó tó wọ igbá.

Ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ ṣáájú 2026, òfin àtijọ́ ló kàn án. Láti 2011 ni òfin yẹn ti ní kí agbowó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ High Court kó tó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, kó sì tọ́jú ẹrù fún 14 ọjọ́ kó tó tà á.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì káńsù ńkọ́? High Court ìpínlẹ̀ yín nìyẹn. Abala 46 ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè lọ síbẹ̀. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ní ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í pẹ́ jù, ó sì gba ẹgbẹ́ láyè láti pe ẹjọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹnì kan kò ní láti dá dúró! Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹjọ́ gbà-mí-san-owó lásán lórí òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dé ìsọ̀ yín:

1. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má já ẹrù gbà. Ìjà á sọ olóòótọ́ di ọ̀daràn.

2. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ, orúkọ wọn àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti wá. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn.

3. Ẹ ka ẹrù lójú wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí iye rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí aládùúgbò méjì fọwọ́ sí i.

4. Ẹ wá sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà.

5. Ọjà tó lè bàjẹ́ kì í dúró de adájọ́. Bí apá yín bá ká a, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ kan náà pé ẹ san án kí ọjà má bàa bàjẹ́ ni, pé ẹ ò gbà. Lẹ́yìn náà ká wá bá wọn lé owó náà.

Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ogun Hitler, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, ó sì dáwọ́ dúró ní 1945.

Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì yín sínú báàgì kan. Tòmátì ẹnì kan ti jẹrà ká tó gbọ́n, kó má tún ṣe ẹlòmíì o. Ọjà á tà o.