Ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá: ohun tí oníléeṣẹ́ kékeré ní Àtàn-Ọ̀tà lè kọ́ nínú ẹ̀

Lójú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdírókò, láti Sango dé Àtàn-Ọ̀tà, iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń ṣe náílọ́ọ̀nù, àwọn tó ń rọ irin. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹrù bá wó lu ẹnì kan lẹ́sẹ̀, tàbí tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí pé oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ kò dà bíi ti orúnkún àti ìbàdí tí ọjọ́ orí sábà máa ń bà jẹ́. Eegun tó ti kán rí tàbí ẹsẹ̀ tó ti rọ́ rí ló sábà máa ń ba tiẹ̀ jẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Bó bá ti bàjẹ́, kèrékèré tó wà láàárín eegun á ti jẹ tán, eegun á wá máa ha eegun. Ọ̀nà méjì ni àwọn dókítà eegun sábà máa ń gbà tọ́jú rẹ̀. Ìkíní ni kí wọ́n fi irin so eegun méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ìrora á dínkù, àmọ́ oríkèé náà kò ní í mì mọ́. Ìkejì ni kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Kí ló mú kí oríkèé yìí ṣòro láti ṣe? Ẹrù tó ń rù ni. Bí èèyàn bá ń rìn, agbára tó ń tẹ ọrùn ẹsẹ̀ kan lè tó ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, torí pé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ náà ń fà á gidigidi láti ti ara síwájú. Fún ẹni tó wọn 70 kílò, ìyẹn lè tó 350 kílò: báàgì sìmẹ́ǹtì méje, ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀. Orí ojú kékeré, tí kò tó ti orúnkún, ni gbogbo ẹrù yìí sì ń bọ́ sí.

Lọ́dún 1970, Lord àti Marotte fi irú oríkèé yìí sẹ́sẹ̀ èèyàn nílẹ̀ Faransé. Nínú 25 tí wọ́n ṣe, 12 ló ti bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ oríkèé ìgbà náà ló dà bí ìdè ilẹ̀kùn, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló lè lọ. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ máa ń yí díẹ̀ pẹ̀lú. Níwọ̀n bí oríkèé náà kò ti lè yí, ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun ló ń gba ìyà náà, títí tó fi máa tú.

Dókítà Hakon Kofoed ní Denmark gbé STAR jáde, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sẹ́sẹ̀ èèyàn lọ́dún 1981. Nígbà tó yá, ó di oríkèé alápá mẹ́ta: irin lórí eegun òkè, irin lórí eegun ìsàlẹ̀, àti ike kan tó ń yọ̀ láàárín wọn. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2009. Polyethylene ni ike náà, ìdílé kan náà pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi ṣe píọ̀ wọ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ le jù ú lọ dáadáa.

Ibi tó kan oníṣòwò nìyí. Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, iléeṣẹ́ Exactech nílẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ike orúnkún àti ti ọrùn ẹsẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Irin rẹ̀ kò ní àbùkù. Àpò tí wọ́n dì í sí ni kò ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó yẹ kó dènà afẹ́fẹ́ oxygen. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ike ń gbó nínú páálí kó tó dé ẹsẹ̀ aláìsàn, á sì wá tètè jẹ tàbí kó fọ́. Ẹjọ́ rọ́ dé. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, Exactech lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra náílọ́ọ̀nù ìdìpọ̀ fún oúnjẹ tàbí oògùn, ẹ má wo iye owó rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè ìpele tó yẹ kó ní, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì yẹ ẹrù tuntun wò kí ẹ tó gbà á.

Ẹ má sì gbàgbé ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ yín. Òfin ìsanwó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kó sì fi ìjàǹbá tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ tí kò yọ̀ kò wọ́n tó iṣẹ́ abẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.