Ìnàkí igbó Ìsẹ̀: ẹ má jẹ́ kó wọ ìkòkò ọbẹ̀ yín

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo agbègbè gúúsù Èkìtì, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìnàkí ṣì ń gbé nítòsí yín? Bẹ́ẹ̀ ni o. Inú igbó ọba Ìsẹ̀ ló wà, igbó tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 142 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ lásán, kò tiẹ̀ ní ìrù. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni ibùgbé ẹ̀yà rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa yìí. Nínú ẹ̀yà mẹ́rin tó wà láyé, òun ló kéré jù níye. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé gbogbo wọn lápapọ̀ ò tó 9,000 mọ́. Èrò tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí ló dín wọn kù? Àwa èèyàn ni. Àwọn agégẹdú wọ igbó, àgbẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ọdẹ sì gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú là. Ìnàkí kì í sì í bí bí ewúrẹ́. Ó máa ń tó ọmọ ọdún 13 kó tó bí àkọ́bí. Oyún oṣù mẹ́jọ ló ń gbé, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, ó sì ń tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó bí òmíràn, torí ó ṣì ń fún ti àkọ́kọ́ lọ́mú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ ìnàkí wá pé kí àwọn ọmọ yín máa fi ṣeré, ẹ béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni náà. Wọ́n ti pa á ni.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló wá kàn wá jù. Ara ìnàkí àti tiwa sún mọ́ra débi pé àìsàn tó ń ṣe é lè ṣe wá. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ara ìnàkí ní Kamẹrúùnù ni kòkòrò HIV tó tàn ká ayé ti bọ́ sára èèyàn, wọ́n sì gbà pé níbi tí wọ́n ti ń kun ẹran ni ẹ̀jẹ̀ ti kan ẹ̀jẹ̀. Ní 1996, ní abúlé Mayibout ní orílẹ̀-èdè Gabon, wọ́n rí òkú ìnàkí nínú igbó, wọ́n kun ún, wọ́n sè é jẹ. Àrùn Ebola ló wà lára rẹ̀, èèyàn 21 ló sì kú. Ẹ ò ní gbàgbé 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí àwọn kan ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru. Iná lè pa kòkòrò inú ẹran, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe fún ọwọ́ ọlọ́gbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn kí ìkòkò tó gbóná?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹran ìgbẹ́ rárá o, èmi náà fẹ́ràn ọ̀yà. Àwọn kan ti ń sìn ín nínú àgò, ẹ lè rà á lọ́wọ́ wọn. Ìnàkí ní tiẹ̀, òfin ilẹ̀ wa ti 1985 ti kà á léèwọ̀ láti pa á. Àwọn kan sì ń dúró ti igbó Ìsẹ̀: Rachel Ikemeh, tó ń ṣiṣẹ́ ìdáàbòbò ìnàkí níbẹ̀, gba ẹ̀bùn Whitley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020.

Iṣẹ́ tí ìnàkí ń ṣe fún wa náà ò kéré. Tó bá jẹ èso igi tán, ó ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ibi jíjìn, ibẹ̀ ni igi tuntun ti ń hù.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wá egbòogi nínú igbó yìí ńkọ́? Ẹ má bó èèpo yí igi po. Inú èèpo ni oúnjẹ ń gbà láti ewé lọ sí gbòǹgbò, igi tí wọ́n bá bó yí po máa gbẹ ni. Ẹ gé díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ lọ sídìí igi mìíràn nígbà tó bá tún yá.