Owó Tí A Fi Ra Ọkọ̀ Kọ́ Ni Owó Ọkọ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa ní oṣù keje ọdún 2023 tí a rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́. Àbúrò wa kan tí ó wà ní ọdún kẹta nígbà náà gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àjọ ọdún méjì ni ìyá náà kó. Ó kó o fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó fi ra ọkọ̀ àlòkù kan tí yóò máa fi ṣe kábúkábú ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó lè máa fi èrè rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ títí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò wa rí tí ó wù ú kì í ṣe ọkọ̀ kábúkábú rárá. Ọkọ̀ eré sísá ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, tí ó ti lé ní ogún ọdún, tí ọkùnrin kan tí ó ń kó kúrò ní Zaria fẹ́ tà ní ìdajì owó tí ìyá rẹ̀ kó fún un. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé n ó tún ní ṣéńjì!" Ó bẹ̀ wá pé kí àwa tí a ti ní ọkọ̀ rí bá òun lọ wò ó.

A lọ. A kò ní parọ́, ọkọ̀ náà dára. Ọ̀kan nínú wa jókòó sídìí sítíárìn, kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé yàrá, a mú bírò àti ìwé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, ìṣírò náà sì gbà wá di òru. Òun ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ síbí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wù.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí ó yé wa nìyí: bí ọkọ̀ bá ń gbó, iye tí wọ́n ń tà á ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Ọkọ̀ tí olówó rà ní tuntun, tí ó wá di èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà, búréèkì olówó ni ó ṣì ń lò, ṣọ́ọ̀kì olówó ni, táyà olówó ni. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun ń san owó tirẹ̀ lára iye tí ọkọ̀ náà ń pàdánù lọ́dọọdún, ì báà tilẹ̀ jókòó sójú kan. Ẹni tí ó ra àgbà ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, nítorí ẹni àkọ́kọ́ ti san án tán. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni òun yóò ti san tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ẹni tí ń tà á mọ̀ tí àwa kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni a lè pè ní ọmọ onílẹ̀ ní agbègbè yìí. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé e jáde. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kaduna, tí kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí wa. Nígbà tí ó di 1983, àwọn Faransé ti dáwọ́ títo 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin dúró ní ilẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n Kaduna kò dáwọ́ dúró títí a fi wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ àwọn bàbá wa lásán ni o. Ní 1975, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà tí ekuru àti ẹrẹ̀ rẹ̀ le ju ti wa lọ. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé gba ipò kìíní nínú Safari yẹn kan náà, ó sì tún gba ti Côte d'Ivoire ní ọdún kan náà.

Coupé tí a dárúkọ yìí ni àbúrò 504 tí ó ní ilẹ̀kùn méjì. Àwọn Pininfarina ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ṣe ara rẹ̀, láti 1969 títí dé 1983. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni ó ṣàlàyé ohun tí a ń sọ. Ní ti Coupé tí ó ní ẹ́ńjìnnì onípísítíìnì mẹ́rin, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fi púpọ̀ jọ ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, mẹkáníìkì 504 kò ní ṣe àjèjì sí i. Ara rẹ̀ ni ó yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀kùn rẹ̀, gíláàsì rẹ̀, iná rẹ̀ àti bọ́ńpà rẹ̀ kò bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu. Bí iná iwájú 504 ti Kaduna bá fọ́ láyé ìgbà tí ó pọ̀ ní títì, ṣọ́ọ̀bù tí ó súnmọ́ ọ jù ni o ti máa rà á. Bí ti Coupé bá fọ́, ìwọ àti ẹni tí ó wà ní òkè òkun ni ẹ máa jọ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ méjì, orúkọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè jẹ́ kí o sùn, èkejì kò ní jẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí ó bá pọ̀ ní ìlú ni wọ́n ń tú ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ní Gate n'Íbàdàn àti ní Panteka ní Kaduna. Èyí tí kò bá pọ̀, kò sí ẹni tí yóò tú u, nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á. Ọgbọ́n kan tí a dá fún àbúrò wa ni pé kí a lọ jókòó sí oríta Kwangila fún wákàtí kan, kí a máa ka irú ọkọ̀ tí ó fẹ́ rà bí ó bá ti ń kọjá. A rò pé eré ni, ṣùgbọ́n a lọ. A mu omi inú ọ̀rá, a jẹ ẹ̀pà, wákàtí kan pé. A kò rí ẹyọ kan.

Epo ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ìrìn-àjò kan, láti Samaru dé Kaduna àti àbọ̀, nǹkan bí 160 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 9, yóò mu nǹkan bí lítà 18. Ní oṣù kẹwàá 1994 tí ìjọba Abacha gbé lítà kan sí náírà 11, owó epo yẹn kò ju náírà 198 lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n wà ní ABU nígbà náà sì ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́. Ní oṣù keje 2023, lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan dé náírà 617 ní àwọn ilé epo NNPC ní Abuja. Ìrìn-àjò kan náà di náírà 11,106. Ọkọ̀ eré sísá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi lè máà rin ju kìlómítà 6 lọ lórí lítà kan. Lítà 27 nìyẹn, náírà 16,659. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń fẹ́ epo tí ó lágbára ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ. Bí wọn kò bá rí i, wọn a máa ró gbàgbàgbà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi òòlù lu irin nínú wọn, ìlù náà kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì ní oore.

A tún ṣe ìṣírò oṣù àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọkọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tà á gbọ́ pé "òní ni mo ṣe sáfíìsì". Ẹ́ńjìnnì 504 ayé àtijọ́, ṣéènì ni ó ń yí fáàfù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́líìtì onírọ́bà ni, rọ́bà sì máa ń gbó bí a kò tilẹ̀ wa ọkọ̀. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítíìnì yóò gbá fáàfù, fáàfù yóò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì di irin tí a ń wọ̀n tà. Nítorí náà, bẹ́líìtì ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ọkọ̀ náà tó jáde lọ síbikíbi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ́ìlì, omi búréèkì, àti páìpù rèdíétọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àwọn lẹ́tà DOT: 2419 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà ọkọ̀ pupa yẹn ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka nọ́ńbà rẹ̀, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Zaria pàápàá ní owó tirẹ̀ tí ó ń gbà. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ekuru ọyẹ́ ń wọ inú fílítà atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì kò ní rí èémí. Ọyẹ́ náà ni ó ń la rọ́bà àti páìpù tí ó ti gbó. Bí ọyẹ́ bá lọ, ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin dé. Rèdíétọ̀ tí ó ti dí díẹ̀, tí ó fara dà á ní oṣù kìíní, yóò hó lójú ọ̀nà, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì yóò jó. Ní ti àwọn bọ́ǹpù tí ó wà káàkiri ọgbà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ eré sísá kì í jìnnà sílẹ̀, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ni yóò máa kí bọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ọkọ̀ kò le púpọ̀ láti ṣírò. Íńṣọ́ránsì tí òfin fi dandan lé nìkan, èyí tí ó wà fún ẹni tí a bá fi ọkọ̀ gbá, kúrò ní náírà 5,000 ó di 15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Gíláàsì ọkọ̀ náà dúdú, òfin sì ti wà lórí gíláàsì dúdú láti 1991, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá tí kò rí onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ń kọjá kò ní ṣàì rí pupa fòò.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Ní oṣù kẹfà 2023, iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí náírà 460, ó kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ìgbà tí ó bá ti di pé òkè òkun ni a ti ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sí ìṣírò tí a ṣe ní oṣù yìí tí yóò dúró dé oṣù tí ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ èyí ti ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. A kò ní sọ irú èyí tí ó jẹ́, nítorí ọjọ́ orí ni ó ń bá ọkọ̀ náà jà, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹrìnlá, owó tí ó ná sí i láìka epo ti ju iye tí ó fi rà á lọ. Nínú oṣù 14 yẹn, oṣù 5 ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, rewáyà àti panẹ́bítà, tí ẹni tí ó ni ín ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì tàbí tí ó ń san owó ọkọ̀ bíi ti gbogbo wa. Owó ọkọ̀ tí ó ń san yìí kò sí nínú ìwé kékeré náà, ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi í léèrè, yóò sọ fún yín pé àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan wà tí òun wà á lọ sí Kaduna, tí ọ̀nà dá, tí ẹ́ńjìnnì ń kọrin, àti pé òun kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. A kò lè bá a jiyàn. Ohun tí ó wu ènìyàn, ó wù ú ni. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ni òun ná, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì fi ń rí i. Kì í ṣe àjọ ìyá rẹ̀.

Ohun tí a sọ fún àbúrò wa nìyẹn ní òru ọjọ́ náà. A tún bi í pé èrò mélòó ni yóò gba ilẹ̀kùn méjì wọlé, tí wọn yóò máa tẹ̀ ba bọ́ sí ẹ̀yìn. Ó dákẹ́. Ó mú ìwé ìṣírò náà lọ, kò dá wa lóhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wá ní kí a bá òun dé Kaduna lọ wo ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin kan tí kò lẹ́wà rárá, irú èyí tí a ti ka mọ́kànlélógún rẹ̀ ní Kwangila láìwá a. Òun ni ó rà, gbogbo owó náà sì bá a lọ, kò rí ṣéńjì kankan.

Ẹlòmíràn ra pupa fòò yẹn lọ́sẹ̀ kejì. A kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ewé ti bo orí rẹ̀, tápólì sì wà níbi tí ó yẹ kí gíláàsì iwájú wà. Ó ní ẹnì kan ń bá òun wá a ní Kútọnu.