Owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkirè àti Apòmù

Owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkirè àti Apòmù jẹ́ ọ̀rọ̀ tó níí ṣe pẹ̀lú bí àwọn ìdílé ìlú méjèèjì yìí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ṣe ń wá owó tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì, pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àti gbèsè tó ń ti ibẹ̀ jáde. Láti ọdún 2024 ni ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, tí àjọ NELFUND ń bójú tó, ti wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé, kò sì di sísan títí ẹni tó yá a yóò fi rí iṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìnáwó ẹ̀kọ́ ló bò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, àwọn òbí ṣì ní láti wá a níbòmíràn, níbi tí gbèsè kì í ti í dúró de iṣẹ́.

Àwọn ìlú náà

Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Apòmù sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, láàárín Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Ọjà Apòmù lókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ìkirè ní tirẹ̀ lókìkí fún dòdò Ìkirè, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀, ata àti epo pupa ṣe. Iṣẹ́ oko, pàápàá kòkó, àti òwò kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ìdílé gbára lé.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN) sílẹ̀ ní ọdún 2006, ọgbà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Ìkirè, Òkukù, Èjìgbò, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ́tẹ̀dó. Ọgbà Ìkirè ni ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà wà. Nípa bẹ́ẹ̀, yunifásítì dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n yunifásítì ìpínlẹ̀ ni, kò sí lábẹ́ ìlànà tó mú owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀.

Gbèsè nítorí ẹ̀kọ́ ṣáájú ẹ̀yáwó ìjọba

Yíyá owó kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ńlá lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan. Kò dín ojú owó kù rárá, nítorí náà ẹlòmíràn lè sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí gbèsè tó tán. Ìjọba amúnisìn ló fi òfin dá àṣà náà dúró.

Nígbà tí kòkó gbilẹ̀, oko kòkó fúnra rẹ̀ di ohun ìdógò. Àgbẹ̀ lè fi oko dógò kí ó tó gba owó, kí olówó máa kórè rẹ̀ títí gbèsè yóò fi san, tàbí kí ó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó ṣáájú ìkórè, kí ó sì fi kòkó san án ní iye tó rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ rán lọ sílé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, àjọ, èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́. Ẹni tí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá gbà ni í lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó sógundógójì.

Ìṣòro kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: ìgbà tí owó ń wọlé kò bá ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gba owó mu. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní ni ìkórè kòkó pọ̀ jù, àmọ́ ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ kì í wo ojú oko.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìgbìyànjú ẹ̀yáwó àkọ́kọ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè mú owó ilé-ẹ̀kọ́ girama kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìkirè àti Apòmù wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ní ti yunifásítì, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ọdún 1977. Ọdún kan lẹ́yìn náà, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ kan fò láti 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50. Èyí ló fa ìwọ́de tí wọ́n pè ní «Ali Must Go», tí wọ́n fi orúkọ Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, pè. Ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a lọ. Ìwọ́de náà fi hàn pé mímú owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò kò sọ yunifásítì di ọ̀fẹ́.

Òfin ọdún 1972 ló dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yá owó náà kò san án padà, ìjọba kò sì ní ọ̀nà tó dájú láti tọpa wọn. Gbèsè àwọn tó kọ́kọ́ yá bẹ́gi dínà àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 1993, òfin mìíràn fi Báńkì Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà rọ́pò ìgbìmọ̀ náà, àmọ́ báńkì yìí pẹ̀lú kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí owó ṣe gòkè

Ìrànlọ́wọ́ ìjọba kò bá iye akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀wọ́n gógó ọjà mu mọ́. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó iná, epo àti ohun èlò yunifásítì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Yunifásítì Èkó gbé owó rẹ̀ láti ₦19,000 kọjá ₦100,000. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó súnmọ́ Ìkirè àti Apòmù, kéde ₦151,200 fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn, àti ₦89,200 fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni wọ́n pè é. Owó ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò, ìlera àti irú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀.

Àpẹẹrẹ ti ìpínlẹ̀ ṣáájú èyí ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2011, owó ibẹ̀ fò láti ₦25,000 sí iye tó bẹ̀rẹ̀ láti ₦193,750. Lẹ́yìn ìwọ́de, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá dá a padà sí ₦25,000 ní ọdún 2014.

Ẹ̀yáwó NELFUND

Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin yẹn béèrè pé kí owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ má kọjá ₦500,000 lọ́dún, kí ó sì ní onídùúró méjì, bí òṣìṣẹ́ ìjọba onípò 12 tàbí agbẹjọ́rò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Fún ọmọ àgbẹ̀ kòkó tàbí ọmọ oníṣòwò dòdò, rírí irú onídùúró bẹ́ẹ̀ lè nira ju rírí owó lọ. Òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 mú àwọn ìdíwọ́ méjèèjì kúrò. Ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì kan ti ìpínlẹ̀ láti oṣù kẹfà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Apá méjì ni ẹ̀yáwó náà ní. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń san ₦20,000 lóṣù sínú àpò báńkì akẹ́kọ̀ọ́ fún owó ìtọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba apá kìíní láìgba èkejì. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀, bí ẹni náà bá ti ríṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ lè búra sí i lábẹ́ òfin, kí wọ́n sún ọjọ́ sísan síwájú. Bí ẹni tó yá a bá kú, gbèsè náà parẹ́.

Ìṣirò gbèsè

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Apòmù bá lo ọdún mẹ́rin ní Ilé-Ifẹ̀ ní iye owó ọdún 2023 tí a sọ lókè, gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ₦418,800. Bí ó bá ríṣẹ́ ní owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ọdún 2024, èyí tí í ṣe ₦70,000, ₦7,000 ni wọn yóò máa yọ lóṣù. Yóò san án tán ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba owó ìtọ́jú fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọọdún, ₦800,000 yóò kún un. Gbogbo rẹ̀ yóò di ₦1,218,800, sísan rẹ̀ yóò sì gba ọdún mẹ́rìnlá àbọ̀. Ohun tó ń mú gbèsè pẹ́, nígbà náà, ni oúnjẹ àti ibùgbé ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Láìdà bí ti ìwọ̀fà, gbogbo kọ́bọ̀ tí wọ́n bá yọ ló ń dín ojú owó kù. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èlé, bí kò ṣe àìríṣẹ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní £1,000 lọ́dún ní 1998, ó di £9,000 ní 2012. Akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ náà kì í san ẹ̀yáwó títí owó oṣù rẹ̀ yóò fi tó iye kan, àmọ́ èlé wà lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti kọjá tírílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọ́gi lé ètò Ààrẹ Joe Biden láti dárí apá kan rẹ̀ jì.

Àríyànjiyàn

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, lòdì sí ẹ̀yáwó yìí. Èrò wọn ni pé owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà ló yẹ ọmọ tálákà, àti pé ẹ̀yáwó lè di àwáwí láti gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ sókè. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé ó sàn kí ọmọ jẹ gbèsè aláìléèlé ju kí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ. Ní ọdún 2025, NELFUND fẹ̀sùn kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ náà ti san owó fún, wọn kò sì dá a padà kíákíá. Fún ìdílé tó ti fi oko dógò tàbí tó ti kó àjọ kí ọmọ lè forúkọ sílẹ̀, ìdádúró bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí gbèsè méjì lórí owó kan ṣoṣo: ọ̀kan ń dúró de iṣẹ́ ọmọ, èkejì ti ń kan ilẹ̀kùn òbí.