Òfin Ni Ó Dá a Sílẹ̀, Owó Ni Ó Gbé e Ró: Èdè-ìperí fún Ìnáwó Ìgbìmọ̀ Òfuurufú Amẹ́ríkà

Nínú òfin owó tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe fún ọdún ìnáwó 2019, tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún náà, iye owó méjì wà tí ó yẹ kí atúmọ̀ èdè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkíní ni nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 21.5 tí wọ́n fún NASA, iléeṣẹ́ tí ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí gbalasa òfuurufú. Èkejì ni dọ́là 1,965,000 tí wọ́n fún Ìgbìmọ̀ Òfuurufú ti orílẹ̀-èdè náà. Bí wọ́n bá pín owó NASA sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún (10,000), ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ yóò ju gbogbo owó ìgbìmọ̀ yìí lọ.

Kì í ṣe ohun ìyanu. Ìgbìmọ̀ náà kì í kan ọkọ̀, kì í sì í rán ẹnikẹ́ni lọ sí òṣùpá. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni láti gba Ààrẹ nímọ̀ràn, kí ó sì mú kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ òfuurufú kàn, ti ààbò, ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti òwò, àti NASA fúnra rẹ̀, fi ohùn ṣọ̀kan. Síbẹ̀, atúmọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ní èdè Yorùbá bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí owó ná yóò rí i pé iṣẹ́ náà le ju ṣíṣàlàyé bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń gbéra lọ.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ìṣòro náà ti kọ́kọ́ yọjú. Òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1988 kò gbà kí ó gba ju ènìyàn méje lọ sí iṣẹ́, akọ̀wé àgbà pẹ̀lú wọn. Òfin owó 2019 wá gba àwọn iléeṣẹ́ ìjọba yòókù láyè láti fi òṣìṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà láìgba owó kankan padà. Ẹni tí ó bá ti NASA wá jókòó ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, NASA náà ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀. Owó oṣù yìí kò sí nínú dọ́là 1,965,000 tí gbogbo ayé ń rí. Ẹni tí ó bá fi iye yẹn nìkan díwọ̀n ohun tí ìgbìmọ̀ náà ná, ó ti ṣì í wọ̀n.

Kí ni kí èdè-ìperí Yorùbá wá pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọkàn lè kọ́kọ́ lọ sí àáró, ṣùgbọ́n àáró ní ẹ̀san: ẹni tí wọ́n bá ro oko lónìí gbọ́dọ̀ bá wọn ro tiwọn lọ́la. Ìgbìmọ̀ yìí kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò fi san àáró. Ọ̀wẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí olóko kì í san owó fún àwọn tí ó bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n olóko ni yóò bọ́ wọn, ọ̀wẹ̀ kì í sì í di iṣẹ́ odidi ọdún kan. Ìwọ̀fà jìnnà sí i pátápátá, torí gbèsè ni ìwọ̀fà ń sìn. Ìyàtọ̀ àtijọ́ tí ó wà láàárín wín àti yá ni ó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iyọ̀ tí ènìyàn bá wín, iyọ̀ mìíràn ni yóò fi dípò rẹ̀. Aṣọ tí ó bá yá, aṣọ yẹn gan-an ni yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Òṣìṣẹ́ tí ń wí yìí yóò padà sí ibi tí ó ti wá, nítorí náà òṣìṣẹ́ àyálò ni. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń lo àyálò fún ọ̀rọ̀ tí èdè kan mú lọ́wọ́ èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà sílé. Bóyá ti òṣìṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá mu jù.

Ẹgbẹ́ olùdámọ̀ràn kan tún wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jókòó ní 2018, àwọn tí wọ́n ti lọ sí òfuurufú rí, bíi Buzz Aldrin àti Eileen Collins, wà nínú rẹ̀. Wọn kì í gba owó iṣẹ́. NASA ni ó ń gbé ẹrù ètò àti ìpàdé wọn. Èyí tọ́ sí àkíyèsí. Àwọn tí wọ́n pè láti sọ èrò wọn lórí ohun tí NASA ń ṣe, àpò NASA ni ó ń gbé ìpàdé wọn ró. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n atúmọ̀ tí ó bá kọ pé “ìjọba ni ó ń san án”, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ti bo ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀. Ìnáwó àbánigbé kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Ti dọ́là 2,250 tí òfin yọ̀ǹda fún títọ́jú àwọn àlejò kò tilẹ̀ mú làálàá lọ́wọ́: owó ìṣàlejò ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni fọwọ́ sí. Nínú ìwé ìròyìn, “ìjọba fọwọ́ sí i” lè túmọ̀ sí pé òfin ti dá nǹkan sílẹ̀, ó sì lè túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ ti jáde. Ní Amẹ́ríkà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àṣẹ ìdásílẹ̀ lè wà kí owó má sí, nítorí òfin ìpilẹ̀ wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú kọ́bọ̀ jáde nínú àpò ìjọba àfi bí òfin mìíràn bá ti ya owó náà sọ́tọ̀. Ètò ìṣúná tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ìyàsọ́tọ̀ owó ni àwọn aṣòfin ń ṣe.

Láìsí ìyàtọ̀ yìí, ìtàn ìgbìmọ̀ náà kò ní yé ènìyàn. Òfin kan náà tí ó bí NASA ní 1958 ni ó bí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1961, Kennedy mú kí wọ́n tún òfin ṣe kí Igbákejì Ààrẹ lè di alága rẹ̀. Nixon fòpin sí i ní 1973. Òfin 1988 gbé òmíràn dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989 lábẹ́ Dan Quayle. Nígbà tí Clinton dé ní 1993, ọ́fíìsì náà di òfìfo: kò sí òṣìṣẹ́, kò sí owó. Ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé òfin tí ó dá a sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin fún ọdún mẹ́rìnlélógún, títí Trump fi fi àṣẹ jí i padà ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, 2017, tí Mike Pence sì di alága.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé wọ́n “tú ìgbìmọ̀ náà ká” lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ti 1973, wọ́n pa á rẹ́. Ti 1993, wọ́n pa á tì ni.